Olójú Awò àti Oògùn Àbúrò Rẹ̀

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé obìnrin tí à ń pè ní Olójú Awò ló pa àbúrò rẹ̀. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ ọ́, èmi ojú mi ni mo fi rí i. Ọ̀rọ̀ kan ló yẹ kó sọ fún dókítà, kò sì tètè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó bá wọn dá sí i.

Láàbù ọsibítù kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á fa mùdùnmúdùn eegun aláìsàn, èmi á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, màá fi aró kùn ún, òun á sì fi awò tó ń sọ ohun tíntín di ńlá wò ó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó sórí àga onígi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, títí èjìká rẹ̀ ọ̀tún fi ga ju ti òsì lọ. Kò fẹ́ ariwo rárá. Àmọ́ tó bá di ká fini ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀gá ni. Á ní, "Ìwọ aláró yìí, o tún ti kun èyí bí ẹni ń kun ògiri." Màá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló wúwo."

Òun ló là mí lóye nípa kòkòrò àìsàn tí à ń wá. Eṣinṣin kékeré kan ló máa ń jẹni, tá á tú u sí wa lára. Ibi tó wá ń gbé ló yani lẹ́nu: inú àwọn ẹ̀ṣọ́ ara gan-an, àwọn tó ń bá àìsàn jà nínú ara wa, tó yẹ kó pa á! Ẹ̀ṣọ́ á gbé e mì, kòkòrò á jókòó síkùn ẹ̀ṣọ́, á máa bímọ. Ẹ̀ṣọ́ yẹn ò ní mọ ohun tó máa ṣe, àfi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn bá ránṣẹ́ sí i. Tí iṣẹ́ náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló tó máa po májèlé nínú ara rẹ̀, tá á fi pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù. Àwọn díẹ̀ yẹn, ẹ̀ṣọ́ á há wọn mọ́nú, á máa ṣọ́ wọn títí ayé onítọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi kọ "kò sí" sínú ìwé àbájáde. "A kò rí" là ń kọ. Ẹni tó bá ṣèèṣì kọ "kò sí", Olójú Awò á bú u dọ́ba.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, ọkùnrin, télọ̀ ni. Àìsàn kòkòrò yìí ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, wọ́n tọ́jú ẹ̀, ara ẹ̀ yá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra ẹ̀ ló wo gíláàsì ìkẹyìn. Wákàtí mẹ́ta ló fi wò ó, kò rí ẹyọ kan. Ó kọ "a kò rí" sínú ìwé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, "kò sí" ló kọ. Àbúrò ẹni ni, ta ni ò ní fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀?

Ọdún méjìdínlógún kọjá. Oríkèé ọwọ́ télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Olójú Awò bá a ra oògùn oníhóró funfun kan tó ń mú wíwú lọlẹ̀. Oògùn gidi ni, àmọ́ ó máa ń pa àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lẹ́nu mọ́, wọn ò ní lè ránṣẹ́ síra wọn bó ṣe yẹ. Ó mọ̀. Áà, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ! Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò léwu fún àbúrò yín?" Ó ní, "Ewu wo? Ṣebí èmi ni mo wò ó." Mo dákẹ́. Ó ń dùn mí di òní pé mo dákẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, télọ̀ ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, inú gbogbo wọn dùn. Lóṣù kẹfà tó ti ń lo oògùn náà, ibà dé, kò lọ. Ikùn rẹ̀ wú, ara yòókù gbẹ. Wọ́n dá a dúró sọ́sibítù, wọ́n fi mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Mo kùn ún, Olójú Awò wò ó. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbójú kúrò, ó ní kí n wá wò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kún fọ́fọ́ fún kòkòrò, àwọn mìíràn ti bẹ́, ohun tó wà nínú wọn sì fọ́n káàkiri.

"Èmi ni mo tú wọn sílẹ̀," ló wí.

Mo ní kó lọ sọ ọ̀rọ̀ oògùn yẹn fún dókítà lọ́jọ́ náà. Ó ní tó bá dọ̀la. Ojú ló ń tì í, ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ "kò sí" bú gbogbo wa. Ó sì rò pé bí wọ́n ṣe gba àbúrò òun sí wọ́ọ̀dù, oògùn ọsibítù nìkan ló ń lò. Ọ̀la di ọ̀tunla, ó di ọjọ́ mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún un ò ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú dókítà: oògùn inú abẹ́rẹ́ náà kì í dá jà, ẹ̀ṣọ́ ara ló máa ń ràn án lọ́wọ́, dókítà ò sì mọ̀ pé ohun kan ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní ọjọ́ keje inú bí mi, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́." A jọ lọ ni.

Dókítà wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Olójú Awò dárúkọ oògùn náà, ó wá bi àbúrò rẹ̀ pé, "Ìgbà wo lo dá a dúró?"

"Dá kí ni dúró?" Télọ̀ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó fa ọ̀rá oògùn kékeré kan jáde. "Láàárọ̀ yìí náà ni mo lò ó. Ẹ̀yin lẹ ní n ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan."

Dókítà pariwo. "Ta ló fún yín nírú èyí?"

Télọ̀ rò pé ó ń fi àbùkù kan oògùn náà. Pẹ̀lú bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ dìde. "Dókítà, ẹ rọra o. Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi. Wọ́n mọ inú ara mi jù yín lọ, wọn ò lè fún mi lóhun tó máa pa mí. Ẹ bi wọ́n wò."

Dókítà yíjú sí Olójú Awò.

"Èmi ni mo fún un," ló wí.

Télọ̀ mi orí, inú ẹ̀ dùn. "Ṣé ẹ ti gbọ́?" ló sọ fún dókítà, ó sì rọra sùn padà. Ọjọ́ kẹsàn-án sí i ló kú.