Bàbá Mi, Kẹ̀kẹ́ Rẹ̀ àti Agbolé Àwọn Àna

Láràárọ̀, bí ọmọ mi bá ti ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Canarsie nílùú òyìnbó níbí, tí ṣéènì rẹ̀ ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, àyà mi a já. Bí kẹ̀kẹ́ bàbá mi náà ṣe máa ń dún nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ní ìlú wa nígbà náà, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kì í kí àgbà láìsọ̀kalẹ̀. Tó bá wá jẹ́ àna rẹ̀ ni, àfi kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọ̀nà tó yá jù lọ sí ilé ìwòsàn tí bàbá mi ti ń pín oògùn gba àárín agbolé ìyá mi kọjá. Kò sì sí ọmọdé nínú àna: àti arúgbó tó ń jẹ orógbó níwájú ilé, àti ọmọ tí ikun ṣì wà nímú rẹ̀, àna ni gbogbo wọn. Kí bàbá mi tó kí wọn tán, ṣòkòtò funfun rẹ̀ á ti pọ́n fún erùpẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń gba ẹ̀yìn odò, ọ̀nà tó jìn, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dá a dúró. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń sá fún àna bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu onílé.

Lọ́dún kan, òjò pọ̀, odò kún. Bàbá mi gba agbolé lọ, ó sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní tó bá tún pẹ́, kó má padà wá mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi di kẹ̀kẹ́ náà mú, ó ní, "Ẹ gba agbolé wa, ẹ jọ̀ọ́." Bàbá mi ní òun ò lè pẹ́, ó sì gba ẹ̀yìn odò lọ. Kẹ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n rí fà jáde nínú odò. Ìyá ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tún un sọ títí ilẹ̀ fi ṣú: "Ṣé dandan ni kó sọ̀kalẹ̀ ni? Ì bá kàn juwọ́ sí mi." Ẹkún yẹn ò tíì tán nínú mi.

Níbí, kò sí àna lójú ọ̀nà. Ọ̀nà etí omi tí wọ́n là fún kẹ̀kẹ́ ló ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó jìn. Títì Linden yá, àmọ́ àárín tírélà ni èèyàn á máa gbà. Mo bẹ ọmọ mi títí kó má gba Linden lọ sí iṣẹ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

"Mummy, ẹ má bínú. Tí mo bá tún late, wọ́n á fire mi. Rent wa ńkọ́?"

Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde.

Kò sẹ́ni tó ń sọ̀kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìbẹ̀rù ọ̀gá ni kò yí padà. Òun ló ṣì ń yan ọ̀nà fún àwọn tí a bí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dákun, bí ẹ bá ti débi iṣẹ́, ẹ pe ìyá yín. Tèmi ò tíì pè láàárọ̀ yìí.