Kóró Àgbálùmọ̀ Inú Ọmú Mi

Oṣù mẹ́ta ni mo fi mọ̀ pé kókó kan wà nínú ọmú òsì mi tí mi ò sọ fún ẹnì kankan, títí kan ọkọ mi. Mo ti sin ara mi tán lọ́kàn, mo ti pín aṣọ mi fún àwọn àbúrò mi. Òpònú ni mí, mo gbà. Ẹ̀rù jẹjẹrẹ ń bà mí, ojú sì tún ń tì mí. Wọ́n ṣáà ní ohun tó bá pamọ́ ló níyì.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ló tú àṣírí. Ó sùn lé mi láyà lọ́sàn-án Sunday kan, ó fìka tẹ kókó náà.

"Mummy, kí lẹ gbé mì?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àgbálùmọ̀ la jẹ láàárọ̀, ìyá ọkọ mi sì ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá gbé kóró mì, igi á hù nínú rẹ̀. Ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí màmá náà ti ń ṣa ata tí wọ́n máa gbé lọ sọ́jà Mile 12.

"Grandma! Mummy ti gbé kóró mì o! Ó há sínú ọmú wọn. Tó bá di igi, kọ́mú ò ní gbà á mọ́!"

Mo gbọ́ ẹ̀rín ìyá ọkọ mi. Ẹ̀rín náà sì dá wáí. Wọ́n wọlé tọ̀ mí wá, ata ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi mí ohun tó ń ṣe mí. Mo tọ́ka sí bùbá mi, mo ní, "Ibí yìí ni." Ìyá ọkọ mi ní, "Ibi tọ́mọ ti ń jẹun ni, Nọ́ọ̀sì."

Ọmọ mi wo àwa méjèèjì tìyanu-tìyanu. "Ọmú ni, Aunty. Ti òsì."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Dókítà wá fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò.

Nígbà tá a padà lọ gba èsì, dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo bú sẹ́kún. Ìyá ọkọ mi ń ṣe Alhamdulillahi léraléra.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọn ò dìde. Wọ́n wo ọmọ mi, wọ́n wo dókítà, wọ́n wá gbóhùn sókè.

"Dókítà, ọmú tèmi náà ńkọ́? Ọmọ mẹ́fà ló mu ún, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò rí."