"Ẹ kú ewu" tí dókítà mi kì bọ àpò

Ẹ gbà mí o! Èmi tí jẹjẹrẹ ń ṣe ni mo ń rẹ dókítà lẹ́kún lónìí!

Ọmọ Gabon ni. Mo bí irú ẹ̀ lọ́mọ. Látọjọ́ tó ti ń tọ́jú ọyàn mi ni mo ti ń fọ́nnu fún un pé kò sóhun tí Yorùbá ò ní kíkí fún. Ló bá ní kí n máa kọ́ òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá ti Nzeng-Ayong, àdúgbò tí mò ń gbé, dé ọsibítù, á ní, "Mama, ẹ kú ìrìn." Tí wọ́n bá ń fa oògùn sí mi lára, á yọjú: "Ẹ kú ìjókòó o!" Àwọn nọ́ọ̀sì á bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní ká fi "ẹ kú ewu" pa mọ́ de ọjọ́ tí àìsàn bá lọ tán. Ó kọ ọ́ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì ẹ̀.

Lónìí, èsì àyẹ̀wò dé. Ó kà á, ó tún un kà. Ló bá ṣí bébà yẹn kúrò, ó kì í bọ àpò.

"Mama, ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Báwo lẹ ṣe ń kí ẹni tọ́rọ̀ ẹ̀ bá rí báyìí?"

Omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. Áńkáṣíìfù mi ni mo nà sí i.

Ẹ má wulẹ̀ sọ "ẹ pẹ̀lẹ́" fún mi o, ìyẹn ti sú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá jù mí lọ, kí ni kí n kọ́ ọmọ yìí? Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mò ń padà lọ, á sì bi mí.