Fóònù Tí Cherotich Fi Fọ́ìlì Wé

Ní Kericho wa níbí, ìlú tíì ní ilẹ̀ Kenya, bí o bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lórí fóònù, má tíì yọ̀. Cherotich Langat ṣì wà láyé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ẹ̀rí jáde nínú fóònù fún ilé ẹjọ́, ó sì lè wo fóònù tó kú sómi kó sọ ohun tí ẹni tó ni ín jẹ lọ́jọ́ tó rà á.

Ẹjọ́ Chebet ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Chebet ló ń tọ́ tíì wò ní ilé iṣẹ́ kan. Ọ̀gá rẹ̀, Kiprono, lé e dànù, ó ní ó ta àṣírí bí wọ́n ṣe ń po tíì wọn fáwọn ẹlòmíì. Nígbà tí Chebet pè é lẹ́jọ́, ẹ̀rí Kiprono ni àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí wọ́n yà lójú fóònù rẹ̀, níbi tí Chebet ti jẹ́wọ́, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lókè. Bí adájọ́ bá gba èyí gbọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé ife tíì fún Chebet mọ́ láé.

"Àwòrán oúnjẹ kì í yóni, Olúwa mi," Cherotich wí fún adájọ́. "Ẹ jẹ́ kí n rí fóònù gan-an."

Kiprono gbé e sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Cherotich mọ̀ pé èèyàn lè jókòó sókèèrè kó pàṣẹ kí fóònù rẹ̀ pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Àpò tó fi ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ya, ló bá tú fọ́ìlì kúrò lára ṣapátì tó gbé wá jẹ, ó fi wé fóònù náà ní ìpele ìpele, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì ní kí Kiprono fọwọ́ sí i lórí.

"Mama, ṣé ẹ fẹ́ yan án ni?" agbẹjọ́rò Kiprono bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bwana. Ẹ lọ ra ata sílẹ̀."

Nínú yàrá rẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ̀, ó ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun inú fóònù. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ orúkọ Chebet sí, nọ́ńbà kejì Kiprono fúnra rẹ̀ ni. Ọkùnrin náà bi ara rẹ̀ léèrè, ó dá ara rẹ̀ lóhùn, ó tún wá bú ara rẹ̀.

"Irọ́ ni," agbẹjọ́rò wí nígbà tí wọ́n padà dé ilé ẹjọ́. "Kó tú fóònù náà níbí, ká fojú ara wa rí i."

"Ẹ̀dà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ adájọ́, Bwana. Bí mo bá tú u, ó lè pa ara rẹ̀ rẹ́ o."

"Àwáwí. Ẹ tú u."

Adájọ́ ní kó tú u. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe kan fóònù báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ara rẹ̀ nù bí abọ́ ọjọ́ ọdún.

"Mo rò pé ó ti parẹ́ lọ́jọ́ tí mo pàṣẹ yẹn," Kiprono kùn.

Agbẹjọ́rò rọra sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kiprono.

Lọ́jọ́ Ajé, Chebet ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fa ife àkọ́kọ́ ṣooro bí àwọn atọ́tíìwò ṣe máa ń ṣe, wọ́n gbọ́ ọ dé Nairobi.

"Wọ́n ti ba tíì yìí jẹ́ pátápátá," ó wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ dà á nù, ká tún un po."