Ẹsẹ̀ Rẹ̀míláyọ̀ Lẹ́yìn Ògiri Iná

Lásìkò tí wọ́n ń kọ́lé sí etí ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kkí bí ẹni ń gbin àgbàdo, bí ẹ bá rí obìnrin kan tó rọ̀ mọ́ ògiri àjà kẹrin pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlu-ihò lọ́wọ́, Rẹ̀míláyọ̀ ni. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ló ń ṣe. Ìkìrun ló ti wá, Jakande ní Ilasan ló ń gbé, kò sì sí ògiri tí kò lè ti páìpù gbà kọjá. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: bí bàálù bá ti ń kọjá lókè, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Á gbójú sókè títí ìró rẹ̀ á fi tán, kí àwọn bíríkìlà máa pariwo lọ. Kò wọ bàálù rí láyé rẹ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ tó lọ tún amúlétutù Bàbá Ọdúnjọ ṣe ní Awoyaya, tó rí i pé bàálù gidi ni bàbá náà ń fọwọ́ ara wọn kàn nínú gáréèjì, díẹ̀ ló kù kó já bọ́ lórí àkàbà. Iṣẹ́ àtúnṣe bàálù ni Bàbá ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìjókòó méjì ló wà nínú èyí tí wọ́n ń kàn. Wọ́n ní ó ku ẹni tí yóò bá àwọn ṣe ihò ara ògiri iná, ìyẹn páànù irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Páìpù epo àti wáyà gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n iná kò gbọ́dọ̀ bá wọn kọjá. Ẹni tó bá ṣe é tó yege ni yóò jókòó sí ìjókòó kejì lọ́jọ́ tí bàálù bá kọ́kọ́ fò. Kí Bàbá tó sọ ọ́ tán, Rẹ̀míláyọ̀ ti gbà.

Bàbá fún un ní páànù ìdánwò kan, wọ́n sì jáde lọ ra irinṣẹ́. Bó ṣe ń ṣe é ní gbogbo ilé Lẹ́kkí Phase 1 náà ló ṣe é: ó lu ihò, ó ti páìpù bọ̀ ọ́, ó fọ́n fóòmù yí i ká. Fóòmù wú, ó gbẹ, ó fi ọ̀bẹ gé e, ó dán. Òun fúnra rẹ̀ ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Bàbá dé. Wọ́n kàn tan iná gáàsì sí i lójú. Wéré, fóòmù ti gbiná bí ìwé, ahọ́n iná yọ lódì kejì, èéfín dúdú sì gba gáréèjì kan.

“Rẹ̀mí,” ni Bàbá wí, “bí iná bá sọ nínú ilé, èèyàn á sá jáde. Lókè ńkọ́, ibo lo fẹ́ sá sí?”

Ojú tì í débi pé ó rò pé bàálù ti fi òun sílẹ̀ lọ. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bàbá ní kó tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà hàn án, èyí tó ní ọrùn àti ètè fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń kàn mọ́ páànù. Wọ́n fi aṣọ tí kì í jóná hàn án, tí wọ́n ń wé mọ́ páìpù, tí wọ́n á sì fi irin dè pinpin, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù pupa tó ń fara da iná. Láti ìgbà náà, bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, Awoyaya ló kù. Ó ń kàn án, ó ń tú u, ó tún ń kàn án.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ìdánwò bọ́ sí. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbéra, pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn, láìwọ bàtà, nítorí ìjọ tiwọn kì í wọ bàtà sí sùtánà. Bàbá ti gbé àga kan sẹ́yìn páànù, kí wọ́n lè mọ ibi tí èrò yóò wà. Rẹ̀míláyọ̀ lọ jókòó lé e. Wọ́n ní kó dìde, ó kọ̀.

“Sà, tí mi ò bá lè jókòó síbí nílẹ̀, kí ni mo fẹ́ lọ jókòó fún lókè?”

 Bàbá gbé garawa iyanrìn àti ẹ̀rọ panápaná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kó ká sùtánà jọ, kí ara rẹ̀ má kan irin. Ó na àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì sí ọ̀kánkán ihò náà. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá gba ibẹ̀ yọ, bó ti wù kó kéré tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i.

Wọ́n tan iná. Ó ń hó, páànù ń pọ́n lójú lọ́hùn-ún, inú Rẹ̀míláyọ̀ sì ń dùn bíi kó fò sókè. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ooru irin ń fẹ́ sí i lára bíi ti ẹni tó dúró ti ààrò, ṣùgbọ́n láti inú ihò, kò sí iná, kò sí èéfín, kò sí èémí. Òórùn tùràrí ara aṣọ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Gáàsì jó títí ó fi tán, iná sì kú fúnra rẹ̀.

Bàbá yí wá sẹ́yìn páànù, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tanná yẹ ihò náà wò yíká. Wọ́n wọlé lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ìwọ̀n tí èèyàn ń dúró lé lórí ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Gùn ún,” ni wọ́n wí. “Mi ò lè gbé èrò tí mi ò mọ bó ṣe wúwo tó.”

Rẹ̀míláyọ̀ gun ìwọ̀n. Ayọ̀ ń gbọ̀n ọ́n jìnnìjìnnì, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, kò dúró lójú kan. Bàbá ní kó ṣe jẹ́ẹ́ kí àwọn rí nọ́ńbà kà. Ó ní òun ń gbìyànjú, sà.