Àrá Mélòó Ló Sán?

Wọn kì í pe ìyàwó mi lórúkọ níbi iṣẹ́. "Ìyá Àrá" ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ wọn. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Aránṣọ ni mí, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Bàbá Abẹ́rẹ́.

Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ooru rẹ̀ á pọ̀ débi pé náítírójìn àti ọ́síjìn, tí wọ́n ti ń bá ara wọn gbé jẹ́ẹ́ nínú afẹ́fẹ́, á so pọ̀ di gáàsì mìíràn. Bí gáàsì yẹn ṣe pọ̀ tó lókè ni ìyàwó mi ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò, nínú yàrá kan tí fáànù rẹ̀ ń pariwo ju bó ṣe ń fẹ́ lọ. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ káàkiri ló ń fi iye àrá ránṣẹ́ sí i.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ inú bàálù tó ń gba etí òjò kọjá ń rí gáàsì tó jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ. Bẹ́ẹ̀, ìṣirò yìí ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó fi ìyàwó mi ṣe olórí yàrá náà. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ta ló máa mọ̀?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò tíì mọ ìdí rẹ̀."

Agídí ni. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fi fẹ́ bó, àfi bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ náà lórí fóònù.

"Àrá mélòó ló sán lánàá?"

"Kò sán rárá, mà."

"Òjò ṣú lọ́dọ̀ yín. Mo rí i lórí àwòrán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mọ̀nàmọ́ná lásán ló ń kọ yẹ̀rì lókè. Kò dún."

Ìyàwó mi gbé fóònù lé orí aṣọ oníbàárà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìbéèrè náà fún wọn: iye àrá tó bá sán. Èyí tí etí wọn gbọ́ ni wọ́n ń kà. Mọ̀nàmọ́ná tó kọ láìdún, wọn ò kà á, bẹ́ẹ̀ òun náà ń ṣe gáàsì. Wọ́n ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó kù sọ́wọ́ ohun tó bá bèèrè. Ìyàwó mi kì í sunkún. Ó sunkún lọ́jọ́ náà.

Ó lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Ìlọ́po méjì náà ló máa já sí."

"Ó lè jẹ́ mẹ́ta, sà. Ó sì lè má tó méjì. Ẹ jẹ́ ká tún un kà."

Wọn ò dúró dè é. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe olórí. Ẹni yẹn sọ nọ́ńbà náà di ìlọ́po méjì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Inú bí mi débi pé mo gé aṣọ aláṣọ ní àgéjù.

Ìyàwó mi fa àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi, ó ń pe àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi ka mọ̀nàmọ́ná. Bí kò bá tiẹ̀ dún, ẹ bá mi kà á."