Ohùn Ìyá Kareemat

Ìyálé mi ni Ìyá Kareemat nílé Fàsásì ní Ṣàgámù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló fẹ́ ẹ. Tíṣà ni ní Ìkẹ́nnẹ́, ó lẹ́nu, àmọ́ inú rẹ̀ mọ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa pa àlọ́ sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á lójú títì márosẹ̀. Fóònù rẹ̀ fọ́ síbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ kéré nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, Kareemat nàka sí fọ́tò ara ògiri, ó bi mí pé, "Ta nìyí?" Mo wọ yàrá lọ sunkún. Ohùn ìyá rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ojú kọ̀ǹpútà náà sì ti kú, bó tilẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. A so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kò hàn. Ẹni tó ń tún un ṣe ní bí òun bá tú u tí nǹkan inú rẹ̀ bàjẹ́, ká má bi òun.

Ó wá ku Akọ̀wé, àbúrò àwọn ọkọ wa. Ìyálé mi ti fún un láyè láti máa gba orí Wi-Fi ilé mú fáìlì nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Windows ni kọ̀ǹpútà méjèèjì nígbà náà, tirẹ̀ sì ti mọ ọ̀nà. Ìgbà tó pa nǹkan inú tirẹ̀ rẹ́, tó gbé Linux rọ́pò Windows, kọ̀ǹpútà náà gbàgbé ọ̀nà. Ó ń rí àpò fáìlì náà, kò lè wọ̀ ọ́: orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ló ń bi í. Ó tẹ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ó kọ̀. Ó yí ètò títí, ó ń bú Linux, ó ń bú ara rẹ̀.

"Ta ló kọ orúkọ yín síbẹ̀?" mo bi í.

"Ìyàwó wa ni. Páswọ́ọ̀dù nìkan ni èmi tẹ̀."

Inú bí mi. Gbogbo ìwé tó kà, kò rántí pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ.

"Ṣé ẹ gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu wọn rí?"

Ó wò mí. Èmi ni mò ń pè é ní Akọ̀wé. Ajíṣefínní ni ìyálé mi ń pè é, torí kì í jáde láì lọ aṣọ. Ó rọra tẹ Ajíṣefínní. Àpò náà ṣí. Ó fọwọ́ bojú, ó ní kò sẹ́ni tó tún pe òun bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín.

A pe ọmọ, Akọ̀wé tẹ ọ̀kan nínú àwọn àlọ́ náà. "Ààlọ́ o," ni ìyálé mi wí, ohùn rẹ̀ gan-an. Kareemat rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo títì. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e wọlé, ó ní kí n má tilẹ̀kùn, màmá òun ń bọ̀.